Ọjọ́ Tí Mo Ṣẹ́ Apá Ọmọ-Ọba Kẹta

Ẹ má pa á. Ẹ fi sílẹ̀ kí n wò ó dáadáa. Ọmọdé tó dúró lórí kẹ̀kẹ́ iná méjì yẹn, tó fi aṣọ pupa kọ́ èjìká, tí ẹ ti ń wò lórí fóònù yín láti àárọ̀, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ má wo ara yín lójú báyẹn, orí mi kò tíì dàrú. Mo ti di apá rẹ̀ mú rí. Mo sì ti ṣẹ́ apá náà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣẹ́ ẹ, ọjọ́ yẹn ló sì kù díẹ̀ kí n pàdánù ìyá yín.

Ẹ sún mọ́ mi. Etí mi kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn mọ́, ẹ̀yin náà sì máa ń sọ̀rọ̀ sínú àyà.

Ní Humble tí a wà yìí, ọdún kẹfà rèé tí èmi àti ẹni tó wà lápá ọ̀tún wa ti jọ ń gbé, n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀kùn gàréèjì rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Á ké, á ṣí, mọ́tò á wọlé, á tún ké, á tì. Ó parí. Bí mo bá ṣubú sí ẹnu ọ̀nà, kámẹ́rà ni yóò kọ́kọ́ rí mi. A kò gbé báyìí nígbà tí èmi àti ìyá yín àgbà kọ́kọ́ dé Houston.

Fondren là ń gbé. Àpátímẹ́ǹtì alájà méjì ni, ó yí àgbàlá kan po, kò sí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ẹ bá dúró láàárín àgbàlá náà nírọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ gbogbo ayé. Rédíò Rósà ará Mẹ́síkò ń kọrin, ẹ̀rọ ìfọṣọ ń kù gìrìgìrì nínú ilé ìfọṣọ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lẹ́bàá báyù, odò oníkọ̀ǹkéré yẹn, àwọn ọmọ sì ń pariwo ní èdè mẹ́rin. Lókè tiwa, ìyá yín àgbà ń gúnyán. Ó máa ń ká aṣọ àkísà mẹ́ta sábẹ́ odó kí ariwo má baà da ará ìsàlẹ̀ láàmú. Síbẹ̀, ó da ará ìsàlẹ̀ láàmú.

Ará ìsàlẹ̀ náà ni Màmá Lin. Láti Taiwan ló ti wá, opó ni, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún nígbà yẹn, aṣọ ló ń tún rán nínú pálọ̀ rẹ̀. Èdè Òyìnbó rẹ̀ kò ju ogún gbólóhùn lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a débẹ̀, ó gòkè wá kan ilẹ̀kùn, ó mú ère igi kékeré kan dání, ekuru funfun láti àjà rẹ̀ bo ère náà lórí. Ó nawọ́ sókè, ó ní, "Gbì, gbì, gbì." Ó tún na ère náà sí wa, ó ní, "Ọmọ, orí rẹ̀ dọ̀tí." Ìyá yín àgbà fi odó hàn án. Obìnrin náà wo ọmọ odó, ó wo iyán, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó jẹ òkèlè mẹ́rin, ọbẹ̀ ta sí i láṣọ. Bí a ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn. Àwọn àgbà ní ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Ojú Màmá Lin wà lára igba ojú tó wo ìyá yín dàgbà. Èmi ń kàwé ìmọ̀ ẹ̀rọ, mo tún ń wa takisí. Ìyá yín àgbà ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Tí Mojí, ìyá yín, bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ìsàlẹ̀ ló ń yà sí.

Ère yẹn ni Nézhā, ẹni tí ẹ ń wò yẹn. Ọmọ-Ọba Kẹta ni Màmá Lin máa ń pè é. Kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó jẹun yó, ó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ kan, òrùka wúrà ńlá lọ́wọ́ kejì. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀? Súwítì. Mílíìkì inú páálí. Mọ́tò ìṣeré. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Òrìṣà tó ń mu mílíìkì!

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn ará ìlú rẹ̀ á kóra jọ sí àgbàlá wa fún ọdún rẹ̀. Ọkùnrin kan á gbé agọ̀ wọ̀, orí agọ̀ náà tóbi tó àga, ojú ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n yà sí i, á máa jó, á máa mi èjìká, gbogbo ọmọ àpátímẹ́ǹtì á tẹ̀ lé e, ọmọ Rósà, ọmọ wa, ọmọ ará Vietnam. Wọ́n á yin nọ́káàtì títí èéfín á fi bo igi àárín àgbàlá. Èmi náà máa ń jókòó lórí àtẹ̀gùn wò wọ́n, inú mi á máa dùn. Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn.

Ní ọdún kan, nọ́káàtì kan fò wá bọ́ sórí sùtánà mi tí mo sá sórí irin òkè, ó jó o níhò lẹ́yìn. Mo fi abẹ́rẹ́ fà á pọ̀, mo wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ mọ̀ pé ìjọ Aládùúrà la jẹ́. Màmá Wòlíì tó ń darí wa nígbà yẹn rí ojú abẹ́rẹ́ náà lẹ́yìn mi. Ó bi mí pé kí ló jó o. Mo rò fún un, mo ń rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó di ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá Mojí, mo rí ọmọ kan tó dúró ti ọmọ yín. Iná wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ gba ọmọ yín kó tó pẹ́ jù."

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí n kò tíì sọ fún yín rí rèé. Ìyá yín kọ́ ni àkọ́bí wa. Ọkùnrin kan ṣáájú rẹ̀, ní Ìbàdàn, kí a tó wá síbí. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti òfìfo rí, bí ẹ bá sọ fún un pé wọ́n ń fa ohun tó ṣẹ́kù ní ọwọ́ rẹ̀, kò ní béèrè ẹni tó ń fà á. Láti ọjọ́ tí Màmá Wòlíì sọ bẹ́ẹ̀ ni oorun ti dá lójú mi. Mo sọ fún Mojí pé kò gbọ́dọ̀ ya ìsàlẹ̀ mọ́. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́, mo ní tó bá dé kó wọlé, kó tilẹ̀kùn, kó dúró dè wá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún un. N kò sì sọ nǹkan kan fún Màmá Lin, mo kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i. Òun á jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ á ṣí sílẹ̀, á máa wo ẹsẹ̀ mi lórí àtẹ̀gùn.

Oṣù kan kọjá báyẹn. Lọ́jọ́bọ̀ kan, òjò ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀, wọ́n ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tètè túká. Mo délé ní aago méjì. Mojí ti dé. Ó ń ṣanwọ́, mo sì rí okùn pupa lọ́rùn rẹ̀ àti àpò aṣọ kékeré kan lẹ́nu okùn náà. Mo fà á yọ. Eérú tùràrí ló wà nínú rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Màmá Lin ló fún mi. Ó ní kò ní jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí."

"Kí ni mo sọ fún ọ nípa ìsàlẹ̀?"

"Ẹ ní kí n má lọ."

"O sì lọ."

"Mo lọ. Ẹ̀rù máa ń bà mí tí mo bá dá wà, Dádì."

"Mo ní kí o máa gbàdúrà."

"Mo gbàdúrà. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí."

Ẹ wò ó, bí mo bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti dákẹ́. Àmọ́ mo ní, "Ọmọ tí kò gbọ́ ti bàbá rẹ̀, ọmọ ta nìyẹn?" Mo rò pé yóò sunkún. Kò sunkún. Ó gbójú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún mi bí ẹni ń ka ìwé.

Ó ní ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́fà ni ìyá Ọmọ-Ọba Kẹta fi lóyún rẹ̀. Nígbà tó bí i, ìṣù ẹran roboto ló rí. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gágun, yọ idà, ó là á, ọmọ sì fò jáde láàárín rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá náà kò fẹ́ ẹ. Nígbà tó di ọmọ ọdún méje, ó ń wẹ̀ lódò, ó bá ọmọ Ọba Dírágónì jà, ó sì pa á. Ọba Dírágónì yìí ló ni òkun àti òjò. Ó dìde, ó ní òun yóò gbẹ̀san lára ìyá àti bàbá ọmọ náà. Bàbá yíjú sí ọmọ, ó ní ìwọ lo kó bá wa. Ọmọ ní, "Ó dáa. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Ẹran ara mi, mo dá a padà fún ìyá mi. Egungun mi, mo dá a padà fún bàbá mi. N kò jẹ yín ní nǹkan kan mọ́." Ó sì kú. Ìyá rẹ̀ kọ́ ilé kékeré kan fún ẹ̀mí rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Bàbá rẹ̀ gbọ́, ó lọ síbẹ̀, ó fọ́ ère rẹ̀, ó sun ilé náà níná. Olùkọ́ rẹ̀ ló fi òdòdó òṣíbàtà ṣe ara tuntun fún un, tó fi jí padà, tó sì ń ṣọ́ àwọn ọmọdé títí dòní.

Mojí parí ìtàn náà. Ó wá ní, "Dádì, tí ẹ kò bá fẹ́ mi, èmi náà á dá egungun yín padà fún yín."

Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ tèmi sílẹ̀, àmọ́ tirẹ̀ ni mo gbọ́. Egungun! Èmi tí mo ti sin egungun ọmọ kan! Ẹ̀jẹ̀ gun orí mi. N kò wọ bàtà. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nínú òjò, mo wọ pálọ̀ Màmá Lin láìkí i. Ó dìde sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìjà ti parí. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo di ère náà mú ní apá, mo fà á. Nítorí odó wa, wọ́n ti fi ìṣó kàn án mọ́ pákó, kò wá. Mo tún fà á, apá náà ṣẹ́ kọ̀ọ̀ lọ́wọ́ mi bí egungun adìyẹ. Ère ṣubú tòun ti pákó, súwítì fọ́n ká ilẹ̀, mílíìkì dànù.

Màmá Lin fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wá ń wo ẹ̀yìn mi, mo yíjú. Mojí wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo apá igi tó wà lọ́wọ́ mi. Ó yí padà, ó sì sá wọ inú òjò lọ.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò sáré tẹ̀ lé e. Ìgbéraga ni. Mo rò pé yóò yí àgbàlá po, yóò padà wá tọrọ àforíjì. Mo gòkè lọ jókòó. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí n tó gbọ́ tí ohùn òjò yí padà. Kò dà bí ẹni ń da àgbàdo sórí páànù mọ́, ó ti di híhó. Mo wo ìta. N kò rí ilẹ̀ àgbàlá mọ́. Báyù ti kún jáde, omi pupa ti dé àtẹ̀gùn kejì, àwọn mọ́tò tí omi ti wọ̀ ń dá fọn fèrè fúnra wọn, kò dákẹ́, ariwo yẹn ṣì ń jí mi lójú oorun.

Tẹlifóònù dún. Ìyá yín àgbà ni, láti ibi iṣẹ́. Ó ní omi ti dí fíríwè, ọ̀nà márosẹ̀ yẹn, òun kò lè wálé. Ó ní, "Ṣé Mojí wà lọ́dọ̀ yín?"

Mo ní, "Ó wà níbí."

Ó ní, "Ẹ fún un ní fóònù kí n kí i."

Mo ní, "Ó ń sùn."

N kò mọ irọ́ tó wúwo tó ìyẹn láyé mi. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo já sínú omi.

Ó dé itan mi. Mo ń pè é, fèrè mọ́tò ń bo ohùn mi. Rósà yọjú lókè, mo ní ọmọ mi sọnù, kò bi mí ní ìbéèrè kejì. Ọkọ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ tòun ti okùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà méjì tó ń gbé òdìkejì bọ́ sílẹ̀, ará Vietnam kan náà bọ́ sílẹ̀. A ń ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wò. Nígbà tí mo dé ilé Màmá Lin, kò sí níbẹ̀. Bàtà rẹ̀ ń léfòó lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà yẹn ló yé mi pé bí mo ṣe jókòó sókè tí mò ń bínú, òun ti jáde lọ wá ọmọ mi.

Ọkọ Rósà ló gbọ́ igbe láti ilé ìfọṣọ. Ibẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù. Omi ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, a fi òkúta fọ́ fèrèsé. Mojí wà lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó di orí Màmá Lin mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Orí nìkan ló ṣẹ́kù lókè omi. Ẹ̀rọ ńlá tó ń ta ohun mímu ti wó lu obìnrin náà lẹ́sẹ̀ lábẹ́ omi, kò lè kúrò níbi tó dúró sí. Ó ti gbé ọmọ náà sókè kí ẹ̀rọ náà tó wó. Omi ti dé àgbọ̀n rẹ̀. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo léraléra ní èdè rẹ̀, mo rò pé òrìṣà rẹ̀ ló ń pè.

Mojí ń kígbe pé, "Ó ní kí ẹ kọ́kọ́ mú mi! Ẹ má dá a lóhùn! Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ mú!"

Mo rì sínú omi. Ọwọ́ mi kan irin, ó kan orúnkún rẹ̀. Àwa mẹ́rin la gbé e. Lẹ́ẹ̀kíní, kò mira. Lẹ́ẹ̀kejì, omi kọjá ẹnu rẹ̀, mo sì gbọ́ tí Mojí dákẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta ni irin náà yẹ̀, ọkọ Rósà sì fà á jáde. Mo na ọwọ́ sí Mojí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó sì dì mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́rùn.

Àwọn kan ní ìjọ ní ìdájọ́ ni. Ọmọ ìlú Màmá Lin kan náà ní Ọba Dírágónì ló gbọ́ pé ère ṣubú. Èmi kò túmọ̀ rẹ̀. Báyù ti kún kí n tó bí ìyá yín, ó tún ti kún lẹ́yìn náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn, èmi ni mo rí.

Mojí kò bá mi sọ̀rọ̀. Á kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ láìlanu. Á gbé oúnjẹ mi wá, á gbé e kalẹ̀, á lọ. Ìyá yín àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan irọ́ tí mo pa fún un, òun náà ń sọ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá, wọ́n gbé Màmá Lin ti ilé ìwòsàn dé tòun ti ọ̀pá. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, lórí kọ̀ǹkéré tó ṣì ń rùn fún ẹrẹ̀. Ẹ̀rù ba obìnrin náà, ó rò pé mo dákú. Mojí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Ó ń bẹ̀ yín ni. Bí a ṣe ń bẹ àgbà nìyẹn."

Màmá Lin ní, "Dìde. Ilẹ̀ tutù."

N kò dìde. Mo ní kí Mojí sọ fún un pé kó fún mi ní ère náà kí n tún un ṣe. Obìnrin náà ní, "Ìwọ, ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn yóò bínú."

Mo ní, "Wọ́n á bínú."

Wọ́n bínú lóòótọ́. Màmá Wòlíì gba oyè tí mo jẹ nínú ìjọ lọ́wọ́ mi, ó mú mi jókòó sẹ́yìn pátápátá fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo jókòó síbẹ̀, mo kọrin tí wọ́n ń kọ. N kò kúrò nínú ìjọ, n kò sì tẹríba fún ère kankan láyé mi. Ìyá yín àgbà ló sọ èyí tó tó mi. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣẹ́ ẹ, ẹ̀yin ni kí ẹ tò ó. Ẹni tó bá ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́, ǹjẹ́ Ọlọ́run máa ní kó má tún un ṣe?"

Bí ẹ bá lọ sí Fondren lónìí, ẹ kò ní bá àgbàlá yẹn. Wọ́n ti wó ilé ìfọṣọ, wọ́n ti yí ìyókù po pẹ̀lú irin, ẹ ní láti tẹ nọ́ńbà kí ẹ tó wọlé kí ènìyàn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọmọ Màmá Lin wá mú un lọ sí Kalifóníà. Rósà kú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti di dókítà àti oníṣòwò, ọ̀kan wà ní League City, a máa ń kí ara wa nígbà Kérésì.

Àmọ́ ní ọ̀sán Sátidé tí mo tún ère náà ṣe, gbogbo wa ṣì wà níbẹ̀. Mo gbé ère náà sórí tábìlì ìdáná. Mo ti ra gọ́ọ̀mù àwọn káfíńtà, mo fi pépà oníyanrìn ha ẹnu apá náà, mo ha èjìká. Igi náà ti gbẹ, ó fúyẹ́, ó ń run tùràrí. Mo fi gọ́ọ̀mù sí i, mo tò ó. Apá náà yẹ̀. Mo nù ún, mo tún un tò, ó tún yẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kí n tó mọ̀, ọwọ́ kékeré méjì ti na kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó di ère náà mú ní ìbàdí, ó dúró gbọn-in. N kò wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá wò ó, yóò lọ. Mo tẹ apá náà mọ́ èjìká, a jọ dì í mú, ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá Lin ń sáré nísàlẹ̀. Gọ́ọ̀mù náà kò tètè gbẹ. Ojú Mojí wá súnmọ́ tòsí, ó ń wo ibi tí igi ti pàdé igi, ó sì ní, "Dádì, ẹ má mí sí i."

Mo pa èémí mi mọ́.